Ẹnu Họ́ọ̀sì Tí Ó Ń Jò

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kẹjọ ọdún 2023, tíṣà àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì jáde sí ojúde ilé rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, ó sì bá ẹyẹlé méjì tí wọ́n ń mu omi lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Òjò kò rọ̀ ní òru ọjọ́ náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀, ó rí omi tí ń kán tó, tó, tó láti iwájú ẹ́ńjìnnì. Omi náà pọ́n bí àgbo. Ó fi ìka kàn án, ó fi àtàǹpàkò ra á, ó sì rí ìpẹtà lára ìka rẹ̀. Ó lé àwọn ẹyẹlé náà lọ, ó wọlé lọ mú sukurudíráfà.

Píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 ni ọkọ̀ náà, irú èyí tí ẹni tí ó bá gbé Nàìjíríà ní ogójì ọdún sẹ́yìn kò lè ṣàì mọ̀. Ọdún 1968 ni àwọn ará Faransé kọ́kọ́ gbé 504 jáde. Ní ọdún 1975, ilé iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ sí Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot pọ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ẹ̀gbọ́n tíṣà yìí ni ó ra píkọ́ọ̀pù náà, ó sì fi kó ewé tábà nígbà tí tábà ṣì ń pa owó fún àwọn àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n kú, ọkọ̀ di ti àbúrò. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí, ilẹ̀kùn ọwọ́ ọ̀tún kò ṣeé ṣí láti inú, ṣùgbọ́n kò sí oko tí ó wọ̀ tí kò bá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde.

Kò sí ọjọ́ tí ọkọ̀ yìí ì bá bàjẹ́ tí ìbá burú tó ọjọ́ Ẹtì náà. Iṣu 200 wà nílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, tí wọn yóò gbé lọ sí ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ọmọbìnrin tíṣà náà wà ní yunifásítì, ọjọ́ Ajé sì ni wọn yóò ti ilẹ̀kùn owó ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tí kò bá tí ì san kò ní jókòó ṣèdánwò. Bẹ́ẹ̀ ni kò ṣeé ṣe láti háyà ọkọ̀ mìíràn. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún náà tí ààrẹ tuntun ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà epo bẹntiróò tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ ti kọjá ₦600. Iye tí onímọ́tò kan dá lé ẹrù iṣu náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ohun tí iṣu náà yóò pa wọlé. Ìyàwó tíṣà gbọ́ iye náà, ó ní, "Bàbá wọn, ẹ jẹ́ ká kúkú fi iṣu náà gúnyán jẹ."

Ọdún 33 ni tíṣà yìí fi kọ́ àwọn ọmọ ní Físíìsì. Ó mọ̀ pé omi kì í jò láìnídìí. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó rí ibi tí omi ti ń wá: ẹnu páìpù kékeré kan níwájú ẹ́ńjìnnì, níbi tí họ́ọ̀sì òkè, èyí tí ń gbé omi gbígbóná lọ sínú rédíétọ̀, ti wọ̀ mọ́ ọn. Kílíìpù irin kan ni ó dì í mú. Ó fi sukurudíráfà yí kílíìpù náà títí ó fi le. Omi dúró. Ó tan ọkọ̀, ó jẹ́ kí ó máa ṣiṣẹ́, kò sì pẹ́ púpọ̀ tí omi náà tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kì í kán mọ́, ńṣe ni ó ń tú fín-ín-fín bí ìgbà tí alágbàfọ̀ bá fẹ́ omi sára aṣọ. Ó pa ọkọ̀, ó tún kílíìpù yí. Ó gbọ́ tí rọ́bà họ́ọ̀sì dún kẹ́. Nígbà tí ó wò ó dáadáa, kílíìpù ti gé ara họ́ọ̀sì wọlé.

Ṣọ́ọ̀bù mẹ́káníìkì mẹ́ta ni ó wà ní agbègbè ilé rẹ̀, èyí tí ó sì súnmọ́ ọn jù lọ ni ó ti ń yẹra fún láti ọdún pípẹ́. Òdì kejì ìlú ni ó máa ń gbé ọkọ̀ lọ, sọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan tí ó ti ń tọ́jú ọkọ̀ náà láti ayé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bàbá náà ti ṣíwọ́ iṣẹ́ nítorí ojú. Kò sì sí bí píkọ́ọ̀pù tí ń tu omi bẹ́ẹ̀ ṣe lè la ìlú já.

Ìdí tí ó fi ń yẹra fún ṣọ́ọ̀bù tòsí ni pé ẹni tí ó ni ín jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nígbà kan rí. Ní ọdún 1998, ọmọ náà wà ní kíláàsì kejì ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì àgbà, kò sì lè ya gíráàfù. Ó ya ọ̀kan ní ojú pátákó lọ́jọ́ kan, ó dorí rẹ̀ kodò, tíṣà sì sọ níwájú gbogbo kíláàsì pé, "Abẹ́ ọkọ̀ ni ibi tí ó tọ́ sí ọ, kì í ṣe iwájú pátákó." Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Tíṣà pẹ̀lú rẹ́rìn-ín. Ní ìparí sáà ẹ̀kọ́ náà, ọmọ náà kò padà wá mọ́. Tíṣà gbọ́ lẹ́yìn náà pé bàbá ọmọ náà ni ó kú, tí kò sì sí ẹni tí yóò san owó ìwé. Bóyá ìyẹn ni ó lé e kúrò nílé ìwé, bóyá ẹ̀rín kíláàsì ni, tíṣà kò béèrè rí.

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n lẹ́nu àwọn olùkọ́ ìgbà náà, kò sì tíì tán lẹ́nu wọn. Ó yani lẹ́nu, nítorí pé ìjọba ti sọ lórí ìwé pé iṣẹ́ ọwọ́ níyì. Ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1982 mú ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀rọ wọ sẹ́kọ́ńdírì. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, inú àpótí tí wọ́n fi kó àwọn ẹ̀rọ náà wá ni wọ́n wà títí ikán fi jẹ àpótí. Ní ọdún 2011, wọ́n tún fi iṣẹ́ ọwọ́ 34 sínú ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì àgbà, títún ọkọ̀ ṣe sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá fẹ́ bú ọmọ tí kò mọ̀wé, mẹ́káníìkì náà ni yóò pè é.

Wọ́n ti ọkọ̀ náà dé ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin kan tí ó ti lé ní ẹni ogójì ọdún yọ jáde lábẹ́ ọkọ̀ akérò kan, ó rí ẹni tí ó wá, ó sì dọ̀bálẹ̀ bí ọwọ́ rẹ̀ tí ó kún fún ọ́ìlì ti gbà á láyè.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"O káàárọ̀. Ṣé dáadáa ni? Iṣẹ́ ńkọ́?"

"A dúpẹ́, sà."

Ọkùnrin náà kò bi í pé kí ló dé tí kò fi wá láti ọjọ́ yìí. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo ibi tí omi ń gbà jáde, ó sì wo kílíìpù. Tíṣà, tí ojú ń kán, na ọwọ́ sí ìdérí rédíétọ̀ láti wo iye omi tí ó kù. Mẹ́káníìkì dì í lọ́wọ́ mú kíákíá.

"Ẹ má ṣí i, sà. Ó ṣì gbóná."

Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó fi àpá ńlá kan hàn án láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Ìdérí rédíétọ̀ ni ó fún un ní ìyẹn ní ọdún kejì tí ó ń kọ́ṣẹ́. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ náà ba tíṣà, nítorí ohun tí ó ti kọ́ àwọn ọmọ láìmọye ìgbà ni. Omi inú ìkòkò tí kò ní ìdérí a máa hó ní 100°C. Bí a bá dé e pa, tí a jẹ́ kí ìfúnpá inú rẹ̀ fi bar 1 ju ti ìta lọ, ó di nǹkan bí 120°C kí ó tó hó. Ìyẹn ni ìdérí rédíétọ̀ wà fún. Ẹni tí ó bá ṣí i nígbà tí omi inú rẹ̀ ti kọjá 100°C, lójú ẹsẹ̀ ni omi náà yóò hó, tí yóò sì tú sókè sí i lójú. Bákan náà, bí họ́ọ̀sì bá ń jò, ìfúnpá náà kò ní dúró. Omi yóò máa hó kí ó tó yẹ, ẹ́ńjìnnì yóò sì máa gbóná jù bí omi tilẹ̀ kún inú rẹ̀. Tíṣà mọ gbogbo èyí. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n.

Wọ́n dúró kí ọkọ̀ tutù. Nígbà tí ó tutù, mẹ́káníìkì tú kílíìpù, ó sì yí họ́ọ̀sì díẹ̀díẹ̀ jáde; kò fà á. Ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kò dára wò. Ẹnìkan ti wé rọ́bà tíúbù táyà mọ́ ẹnu páìpù náà, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ó wá fi họ́ọ̀sì bò ó. Nígbà tí wọ́n ṣí rọ́bà náà kúrò, ẹnu páìpù tí ó jẹ́ alumíníọ̀mù ti ṣe kòtò-kòtò bí eyín tí kòkòrò ti jẹ. Níbì kan, ó ti tínrín bí páálí. Kílíìpù ì báà le bí òkúta, omi yóò rí àwọn kòtò náà gbà kọjá.

"Omi kànga ni ẹ máa ń bù sí i, sà?"

Omi kànga ni. Kò sí ìgbà tí wọ́n bu nǹkan mìíràn sí i láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n ti ni ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni ó gbà pé kúláńtì jẹ́ ohun àwọn ará ìlú òtútù, kí omi wọn má bàa dì. Òótọ́ ni pé kì í jẹ́ kí omi dì, ṣùgbọ́n ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ ni ìyẹn. Oògùn tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà wà nínú rẹ̀, èyí sì ni ó wúlò fún wa jù. Omi kànga ní iyọ̀ àti ẹfun ilẹ̀ nínú. Bí ó bá ń gbóná tí ó ń tutù lójoojúmọ́, ìpẹtà àti èérí yóò máa jẹ irin láti inú. Irú àṣìṣe kan náà ni ó ń mú kí àwọn mẹ́káníìkì mìíràn yọ tẹ́mósítáàtì dànù nínú ọkọ̀, tí wọ́n ń sọ pé ìlú òtútù ni ó wà fún. Tẹ́mósítáàtì ni kì í jẹ́ kí omi lọ sí rédíétọ̀ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná dé ìwọ̀n tí ó yẹ. Ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tó a máa jẹ epo, ara rẹ̀ a sì tètè jẹ. Pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta epo ní ọdún 2023, ẹni tí ó ju tẹ́mósítáàtì nù, owó ni ó ń jù nù.

Tíṣà wo aago. Ó ní kí mẹ́káníìkì fi rọ́bà tíúbù tuntun wé e, kí ó sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ìbàdàn nìkan ni òun ń lọ, òun yóò ṣe é dáadáa bí òun bá dé. Mẹ́káníìkì mi orí.

"Sà, ẹ ò ní dé Ìbàdàn. Pẹ̀lú ẹrù yẹn? Bó bá já lójú ọ̀nà Ìjàyè, kẹ́ ẹ tó rí i lójú gééjì, ó ti jó top sílíńdà."

"Màá máa dúró bu omi sí i."

"Sà." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Irin ni ara ẹ́ńjìnnì yìí, alumíníọ̀mù ni orí rẹ̀. Tó bá gbóná jù, alumíníọ̀mù á fẹ̀ ju irin lọ, orí á wọ́. Tá a bá sì ṣí orí, láíńà inú rẹ̀ tó dúró sínú omi lè ṣípò, gbogbo ẹ̀ la máa tú. Ẹ̀yin lẹ mú bọ́ọ̀lù irin àti òrùka wá sí kíláàsì. Bọ́ọ̀lù ń kọjá nínú òrùka. Ẹ wá fi iná yá a, kò kọjá mọ́."

Tíṣà kò lè fèsì. Ó ti gbàgbé bọ́ọ̀lù náà. Àwọn ọmọ tí wọ́n gba àmì-ẹ̀yẹ ní kíláàsì náà, kò dá a lójú pé ọ̀kan nínú wọn rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rántí bọ́ọ̀lù àti òrùka láti ọdún 1998, kò lè gbàgbé ohun tí ó kù. Ohun tí ó ti ń sá fún láti ọjọ́ yìí ni ó dúró níwájú rẹ̀ yìí, ó sì ń pè é ní "sà" ní gbogbo ìgbà.

"Ó dáa," ni tíṣà sọ. "Kí ni ká ṣe?"

Wọ́n ṣe é. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà, 504 onílé kan wà tí koríko ti bò, tí adìyẹ ń yé sí ìjókòó rẹ̀. Mẹ́káníìkì rán ọmọ iṣẹ́ lọ sídìí rẹ̀ láti tú ẹnu páìpù ti ìyẹn. Nọ́ọ̀tì kan kọ̀, wọ́n bu epo sí i lára, wọ́n lù ú díẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n tún lù ú. Kò já. Nígbà tí páìpù náà jáde, ara rẹ̀ mọ́ bí ṣíbí. Mẹ́káníìkì wá kọ ohun mẹ́rin sára páálí sìgá, ó fi lé tíṣà lọ́wọ́: họ́ọ̀sì òkè kan, kílíìpù méjì, tákàdá gásíkẹ́ẹ̀tì kan, kúláńtì lítà mẹ́rin. Tíṣà gun ọ̀kadà lọ sí ọjà àwọn tí ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Lójú ọ̀nà, ó ṣàkíyèsí pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò rán òun níṣẹ́, pé lẹ́tà ọwọ́ ọmọ náà sì dára, ó dúró ṣánṣán.

Nígbà tí ó dé, wọ́n ti jẹ́ kí omi ìpẹtà ṣàn jáde tán, wọ́n sì ń fi omi mímọ́ fọ inú rédíétọ̀ léraléra títí èyí tí ó ń jáde fi funfun. Mẹ́káníìkì gbé tákàdá gásíkẹ́ẹ̀tì lé ojú ibi tí páìpù yóò jókòó sí, ó fi òòlù kékeré lu etí rẹ̀ yíká títí àwòrán ibẹ̀ fi gé jáde fúnra rẹ̀. Kò lo rúlà. Ó fi sáńpépà pa ẹnu páìpù, ó nù ún gbẹ. Ọmọ iṣẹ́ fẹ́ fi ọ́ìlì sí inú họ́ọ̀sì kí ó lè tètè wọlé. Ọ̀gá rẹ̀ gbá a lọ́wọ́. Ọ́ìlì a máa wú rọ́bà, a sì máa bà á jẹ́. Omi ọṣẹ díẹ̀ ni ó fi sí i. Ó ti họ́ọ̀sì wọlé títí ó fi kọjá ibi tí ẹnu páìpù ti wú díẹ̀, ó wá gbé kílíìpù sí ẹ̀yìn ibi tí ó wú náà. Tíṣà rántí pé lórí ibi wíwú gan-an ni kílíìpù àtijọ́ wà. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń yọ̀.

Ó yí kílíìpù, ó yí i, ó sì dúró nígbà tí rọ́bà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dìde díẹ̀ láàrin ojú kílíìpù.

"Kò tí ì le," ni tíṣà wí.

"Ohun a fẹ̀sọ̀ mú, sà," ni mẹ́káníìkì wí, kò sì parí òwe náà.

Wọ́n po kúláńtì pọ̀ mọ́ omi mímọ́, ìdajì sí ìdajì, wọ́n sì rọra bù ú sí i. Wọ́n tan ọkọ̀ láìde rédíétọ̀. Mẹ́káníìkì ń fún họ́ọ̀sì lọ́wọ́, ó ń tú u sílẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń hó jáde bùlù-bùlù lẹ́nu rédíétọ̀. Bí ó ti ń jáde ni omi ń lọ sílẹ̀, tí wọ́n sì ń bù kún un. Afẹ́fẹ́ tí ó bá há sínú ẹ́ńjìnnì a máa jẹ́ kí ibì kan gbóná jù nígbà tí gééjì ń sọ pé àlàáfíà ni. Àṣẹ́kù kúláńtì wà nínú abọ́ nílẹ̀, ewúrẹ́ kan sì ti ń nawọ́ ọrùn bọ̀. Mẹ́káníìkì pariwo, ọmọ iṣẹ́ sì fi páànù dé e. Ohun aláwọ̀ ewé yẹn dùn lẹ́nu, ó sì lóró. Díẹ̀ nínú rẹ̀ tó láti pa ewúrẹ́, ó sì lè pa ọmọdé. Tíṣà rántí àwọn ẹyẹlé àárọ̀. Ó dára pé omi kànga ni wọ́n mu.

Ilẹ̀ ti ń ṣú kí wọ́n tó tan ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n pa á, kí ó tutù, kí mẹ́káníìkì sì tún kílíìpù yí ní ìwọ̀n bíńtín. Ó dá iye owó iṣẹ́ rẹ̀. Kò dín in kù nítorí tíṣà, tíṣà kò sì ná an. Ó ka owó náà sí i lọ́wọ́, ó dúró.

"Ọ̀rọ̀ kan wà," ni ó bẹ̀rẹ̀, "tí mo sọ sí ọ ní kíláàsì nígbà náà. Lọ́jọ́ tó o ya gíráàfù."

"Mo rántí, sà."

Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé kò tọ́pẹ́, tàbí pé ó ti kọjá. Ọkùnrin yìí kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ń fi àkísà nu sípánà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sínú àpótí.

"Kò yẹ kí n sọ ọ́," ni tíṣà wí. "Má bínú."

Ọmọ iṣẹ́ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn yí ojú sí ibòmíràn, nítorí kò tíì gbọ́ kí àgbàlagbà sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ rí. Mẹ́káníìkì fi sípánà tí ó kẹ́yìn sínú àpótí.

"Ẹ ṣeun, sà," ni ó wí. Lẹ́yìn náà: "Tẹ́ ẹ bá dé Ìjàyè, ẹ dúró. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ má ṣí ìdérí o. Ẹ fi ọwọ́ kan abẹ́ ẹnu họ́ọ̀sì, kẹ́ ẹ sì pè mí."

Agogo mẹ́fà òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kò tíì lù tí wọ́n fi gbéra pẹ̀lú iṣu 200. Ìyàwó tíṣà jókòó sí iwájú, ojú rẹ̀ kò kúrò lára gééjì. Nígbà tí wọ́n dé Ìjàyè, tíṣà pa ọkọ̀ sẹ́bàá ọ̀nà lábẹ́ igi máńgòrò kan, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó dúró díẹ̀ kí ooru fẹ́ kọjá, ó wá rọra fi ìka kan abẹ́ ẹnu họ́ọ̀sì náà. Eruku ni ó rí lára ìka rẹ̀. Ó tún fi kan ìsàlẹ̀, níbi tí omi ti máa ń sọ̀ sí. Eruku náà ni. Ó yọ fóònù.

"Ó gbẹ," ni ó wí.

"Ẹ máa lọ, sà," ni ohùn òdì kejì dáhùn. Òòlù ń dún lẹ́yìn rẹ̀.